Bíréèkì Tó Ń Ké ní Bépanda

Ọkọ mi ti wà ní Nàìjíríà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, nígbà tí ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí mo bá ti tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ iwájú á han gooro, débi pé àwọn èèyàn oríta Ndokoti á yíjú wò mí. Aṣọ ni mo ń rán ní Bépanda nígbà náà. Ilé iṣẹ́ ń tì káàkiri Douala, owó oṣù ń dín kù, gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ la crise, ìyẹn ọ̀wọ́n owó tó dé bá ìlú. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń kó yunifọ́ọ̀mù tí mo bá rán lọ fún àwọn iléèwé. Tí ó bá dúró, iṣẹ́ mi dúró nìyẹn.

Mo wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọkọ mi ní Ndogbong. Kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo táyà.

"Madame, ọ̀gá dà?"

Mo ní ó rìnrìn àjò. Ó ní gbogbo bíréèkì ló ti bàjẹ́, a máa pààrọ̀ rẹ̀ pátá ni, àmọ́ ọ̀gá lòun máa bá sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

"Ta ló wa ọkọ̀ dé ibí?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. Mo padà sínú ọkọ̀, mo rọra wà á lọ sílé.

Àbúrò ọkọ mi ń gbé inú ọgbà kan náà pẹ̀lú wa. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ ọkọ ló jẹ́ sí mi, mi ò lè pè é ní ìwọ. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Ìyàwó, páàkì ọkọ̀ yẹn títí ẹ̀gbọ́n mi á fi dé."

"Ẹ má bínú, bọ̀dá. Èmi ni mo máa tún un ṣe."

"Ìwọ? Ṣé abẹ́rẹ́ lo fẹ́ fi tú u ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Láàárọ̀ Sátidé, mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi kan tó ti gbó, mo fi òkúta dínà táyà ẹ̀yìn, mo dẹ nọ́ọ̀tì táyà iwájú, mo sì fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Mo ti táyà sípíà sábẹ́ rẹ̀, torí mi ò fọkàn tán jáàkì. Mo ti pààrọ̀ táyà rí. Ohun tó wà lẹ́yìn táyà ni mi ò mọ̀.

Mo yọ táyà náà, mo jókòó ti irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wò ó bí mo ṣe máa ń wo ẹ̀wù tí ẹlòmíràn rán, tí mo fẹ́ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwo irin kan ló ń yí pẹ̀lú táyà, páàdì méjì ló sì ń há a mọ́ àárín kí ọkọ̀ lè dúró. Mo ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà tí mo fi ń gé aṣọ kí n tó fọwọ́ kan bóòtì kankan. Nígbà tí mo tú u, mo rí ohun tó ń ké. Páàdì inú ti jẹ tán, irin pẹlẹbẹ kan létí rẹ̀ sì ti ń kan àwo. Àwo fúnra rẹ̀ ń dán, kò ní àpá. Irọ́ ni mẹkáníìkì pa fún mi.

Mo ju páàdì náà sínú báàgì, mo wọ takisí lọ sí Ndokoti. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún mi ní irú rẹ̀ mẹ́rin, fún ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ó fi Faransé kìlọ̀ fún mi pé kí n tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kí n tó gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan. Kò béèrè ọ̀gá kankan lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo dé, àbúrò ọkọ mi ti gbé àga síta pẹ̀lú ayálégbé méjì. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Mo ti irin róbótó tó ń ti páàdì padà sínú ihò rẹ̀, mo ki páàdì tuntun bọ̀ ọ́, mo dè é. Mo ṣe ẹsẹ̀ kejì, mo dá táyà méjèèjì padà, mo sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ bíréèkì títí ó fi le. Mo wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀ nínú ọgbà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ariwo tó jáde burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irin ń họ irin.

Ẹ̀rín sọ. "Mo sọ fún ọ àbí mi ò sọ?" ni àbúrò ọkọ mi wí.

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Àmọ́ mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún mú jáàkì. "Ẹ jókòó yín dáadáa, bọ̀dá. Kò tíì tán."

Ọwọ́ òsì ni àṣìṣe wà: mo ti kọ ẹ̀yìn páàdì kan sí àwo, irin rẹ̀ ló kọjú sí i. Mo yí i padà, mo dè é, mo tún tẹ bíréèkì títí ó fi le. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ dúró láìdún rárá. Mo kó yunifọ́ọ̀mù sẹ́yìn ọkọ̀, mo wa ọkọ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́ mi tí gíríìsì ti sọ di dúdú.

Nígbà tí ọkọ mi dé lóṣù tó tẹ̀lé e, ó wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká, ó sì béèrè pé, "Ta ló bá ọ ṣe bíréèkì?"

"Èmi ni mo ṣe é."

Ó wo àbúrò rẹ̀. Ìyẹn wolẹ̀, ó ní, "Òun ló ṣe é lóòótọ́."

Ọkọ mi ní òun á ṣì gbé e lọ fún mẹkáníìkì kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé sípánà fún un. "Ẹ tú u wò fúnra yín."

Ó lóṣòó ti táyà fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó ní ìrìn àjò ti rẹ òun. Mo gba sípánà mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ fi í pa mọ́.