Omi Ìwẹ̀ Àsmá'ù

Bí obìnrin bá ní ìbéèrè lórí ìwẹ̀ àti ìrun ní ilé kéwú kan ní Ìwó, Ṣẹ̀fíátù ni wọ́n ń tọ̀ lọ. Ó mọ ìdájọ́ rẹ̀, kì í sì í tijú láti sọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí Àsmá'ù àbúrò rẹ̀, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tipẹ́, ṣàdédé tún rí ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sáré wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo ṣì lè máa kírun? Àbí arúgbó tún fẹ́ di ọmọge ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣẹ̀fíátù ní, "Ìyẹn kì í ṣe nǹkan oṣù tó ń dá ìrun dúró. Fọ ara rẹ, fi òwú dí i, ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kí o sì kírun ẹ."

"Alihamudulilahi!"

Ẹ̀rù ìrun ló ń ba Àsmá'ù, kì í ṣe ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fọ̀ ọ́, tó ń dí i, tó ń kírun, títí ìbàdí fi ń dùn ún tí kò lè bẹ̀rẹ̀ kírun mọ́. Ìgbà yẹn ni Ṣẹ̀fíátù àtàwọn ará ilé tó gbé e dé ọsibítù.

"Màmá, jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni," nọ́ọ̀sì sọ jẹ́jẹ́, "ó sì ti rìn jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tún dé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ, kíá ló yẹ ká wá."

"Ṣùgbọ́n mò ń wẹ̀," Àsmá'ù ní, bí ọmọdé.

"Omi ò lè fọ èyí, mà. Nínú ìbálòpọ̀ ni obìnrin ti ń kó kòkòrò tó ń fà á. Ó lè sápamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdun èèyàn. Àyẹ̀wò ló ń tètè rí i."

Ṣẹ̀fíátù délé, ó ṣí ìwé rẹ̀. Ìdájọ́ tó dá kò yẹ̀ rárá. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an nìyẹn. Ká ní ó ṣì í ni, ì bá tọrọ àforíjì. Ó jókòó sórí ẹní ìrun. "Ọlọ́run, torí kí ìrun àbúrò mi má bọ́ ni mo ṣe sọ ohun tó wà nínú ìwé. Ẹ̀mí rẹ̀ ńkọ́?" Nígbà tí wọ́n pe ìrun tó kàn, ó dìde, ó kí i.

Ọjọ́ tí Àsmá'ù kú, Ṣẹ̀fíátù náà ni wọ́n ní kó wá wẹ̀ ẹ́. Humairah, ọmọ olóògbé tó ti wà nílé ọkọ, ń bu omi sí i lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wá díẹ̀díẹ̀. Ṣẹ̀fíátù fi òwú dí i, bó ṣe kọ́ Àsmá'ù lọ́jọ́sí.

"Ìyá mi, ṣé ó ti mọ́?" Humairah bi Ṣẹ̀fíátù léèrè.

"Ó ti mọ́." Ṣẹ̀fíátù di ọwọ́ tútù ọmọ náà mú. "Ìwọ náà ń lọ ṣe àyẹ̀wò tìẹ."

"Kò síbi tó ń dùn mí, mà."

"Kò kọ́kọ́ dun òun náà."