Kéèkì Máńgòrò Tí Kò Sí Ẹni Tó Lè Tọ́ Ọ Wò

Mujeebat Àjàmú, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, opó tí ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó, ń retí ìyá ọkọ rẹ̀ láti ọsibítù. Wọ́n ti ní kí ìyá náà máa bọ̀ nílé. Latifah, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ni yóò gbé wọn wá. Yóò wo bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé náà, yóò sì pinnu bóyá kí ìyá òun dúró síbẹ̀ tàbí kí òun kó ẹrù wọn lọ sí ilé òun ní Àpáta.

Mánsúrù, ọkọ Mujeebat, kú láìfi ọmọ sílẹ̀ fún un. Ìyá ọkọ yìí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlàájà, ló kù tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ dalẹ́. Nígbà tí àtọ̀gbẹ wá dá Àlàájà dùbúlẹ̀, Latifah kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní oúnjẹ Mujeebat ló fẹ́ pa ìyá òun.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Àlàájà ti fi oríkì pe Mujeebat, tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́: "Àbẹ̀ḿbí, bá mi ṣe kéèkì máńgòrò rẹ yẹn dè mí. Má fi ṣúgà sí i o. Díẹ̀ náà ni n ó jẹ."

Kéèkì náà kò le. Èèyàn á gé máńgòrò sísàlẹ̀ páànù, á po ìyẹ̀fun, ẹyin àti mílíìkì pọ̀, á dà á lé e lórí. Lẹ́yìn náà á gbé páànù sínú ìkòkò ńlá tí iyanrìn gbígbóná wà nídìí rẹ̀, á dé e pa. Iná gáàsì ló máa ṣe ìyókù. Ẹni tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu lè ṣe é, ó sì ti rẹ Mujeebat. Láti àárọ̀ ló ti wà ní ìdúró, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pariwo, ààwẹ̀ Ràmàdáánì sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe ń po ìyẹ̀fun àlìkámà náà, oorun ń gbé e lọ.

Ìgbà tó dé ìkòkò náà tán ló rí ike ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì. Ike náà ṣí sílẹ̀, ṣíbí sì wà nínú rẹ̀.

Ṣé ìgbà tó mu ògì ní sààrì ni kò dé e ni? Àbí ọwọ́ tó máa ń da ṣúgà sí kéèkì fún Mánsúrù nígbà ayé rẹ̀ ti ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe? Ó ronú títí, kò rántí nǹkan kan.

Nígbà tí kéèkì jinná, ó fi orí ahọ́n kàn án, ó tu ú dànù, bí àáfà ṣe ní kí ẹni tó ń se oúnjẹ máa ṣe. Ó dùn. Ṣùgbọ́n máńgòrò náà ní adùn tirẹ̀. Ó bu díẹ̀, ó sáré lọ bá Ìyá Jésùlọlá, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ aládùúrà, tó máa ń bá a tọ́ ọbẹ̀ wò lọ́dọọdún tí ààwẹ̀ bá dé.

"Ẹ gbà mí! Ẹ bá mi tọ́ ọ wò, ṣé ṣúgà wà níbẹ̀?"

Ìyá Jésùlọlá nawọ́, ó tún ká a kò. "Há, Mujeebat! Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì la wà. Èmi náà ò tíì ṣínu."

"Jésùlọlá ńkọ́?"

"Ọmọ tí ì bá bá ọ lá páànù mọ́ ọn, ó ti padà sí iléèwé ní Apete. Ọdún yìí, gbogbo wa lebi jọ ń pa."

Mujeebat kò rí ẹ̀rín rín. Ó ti gbọ́ fèrè mọ́tò Latifah lẹ́nu géètì.

Latifah kò tíì bọ́ bàtà tó ti ń fimú finlẹ̀. "Ìyàwó, kí ló ń ta sánsán báyìí? O tún ti bẹ̀rẹ̀, àbí?"

"Jẹ́ kí n jókòó ná kó o tó máa bá èèyàn jà," ni Àlàájà wí, wọ́n sì fara balẹ̀ sórí àga wọn. "Àbẹ̀ḿbí, dókítà ò gbà kí n gbààwẹ̀. Gbé tèmi wá."

Mujeebat kúnlẹ̀, ó gbé páànù náà síwájú wọn. Bó bá dákẹ́, bóyá kò ní sí nǹkan kan. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹrù Àlàájà á wọ inú búùtù mọ́tò Latifah kílẹ̀ tó ṣú. Àlàájà gé e, wọ́n gbé e sókè. Mujeebat wá ṣe ohun tí ìyàwó ilé kì í ṣe: ó di ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ má jẹ ẹ́. Ó rẹ̀ mí nígbà tí mò ń ṣe é. Mi ò mọ̀ bóyá mo fi ṣúgà sí i."

Latifah fò dìde. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan! O ò mọ̀! Oògùn wọn ńkọ́? Lọ́la o ò ní mọ̀ bóyá o ti fún wọn lò? Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Lọ síbo?" Àlàájà dá kéèkì padà sínú páànù. "Mọ̀gàríbì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbààwẹ̀, ẹ ṣínu, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò fún mi."

Wọ́n jókòó. Páànù náà wà láàárín wọn. Nígbà tí ìpè ìrun dún láti mọ́ṣáláṣí òkè àdúgbò, Latifah mú èso dàbínù láti ṣínu. Mujeebat kò wo dàbínù. Ó ṣe bísímílà, ó bu kéèkì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Adùn tó ń ṣe fún Mánsúrù gan-an ló pàdé lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣúgà wà níbẹ̀," ó wí. "Mo fi sí i."

Latifah náà bu díẹ̀ jẹ. Ó ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá a jiyàn. "Ó kún ibẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

Àlàájà fa ìborùn wọn mọ́ra. "Latifah, lójú ìwọ tó ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ ló ti dì mí lọ́wọ́ mú. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọkàn mi balẹ̀ sí."

"Màmá, ìyẹn ò wo àtọ̀gbẹ sàn."

"Kò wò ó sàn lóòótọ́. Jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà náà. Àbẹ̀ḿbí, fún mi ní ẹ̀wà dípò kéèkì."

Kí Latifah tó lọ, Mujeebat ti gbé kéèkì àti ike ṣúgà náà fún Ìyá Jésùlọlá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Àlàájà máa padà sí ọsibítù fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Latifah ti gbà pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti wálẹ̀, Agbowó ni wọn yóò máa gbé. Bí kò bá wálẹ̀, Àpáta ni. Mujeebat ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Latifah ní òun náà ń bọ̀, kí Mujeebat má sì jẹ́ kí wọ́n fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò náà kí òun tó dé.