Bátìrì Tí Ẹ̀gbọ́n Màmá Mi Yàn fún Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi

Bí mo bá ti rí ẹ̀wù tó ní ihò kéékèèké, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo máa ń rántí. Bátìrì ni wọ́n ń ṣáàjì, tí wọ́n sì ń tà, ní Mákun ní Ṣàgámù, ásíìdì sì ti jẹ gbogbo ẹ̀wù wọn. Oníbàárà kò ní tíì kí wọn tán tí wọ́n á ti bi í pé, “Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kó ṣe?”

Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tó wá ra obì ní Sábó yà sọ́dọ̀ wọn. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ń sùn bó bá ń ná Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, ó sì ń fẹ́ bátìrì tí yóò máa tan iná. Bátìrì tírélà tuntun ló nawọ́ sí.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n màmá mi wí. “Ó mọ ẹ́ńjìnnì í jí, kò mọ iná á tàn mọ́jú. Bó bá kú láàárín omi, ta ni yóò bá yín ti ọkọ̀?”

Ọkùnrin náà gba èyí tó lè tan iná mọ́jú tí wọ́n yàn fún un, ó ní àfi kí wọ́n wá bá òun so ó. Èmi náà tẹ̀lé wọn, a wọ ọkọ̀ Pijó lọ sí Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí wọn ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, jókòó ti bátìrì náà nínú ọkọ̀ ọkùnrin náà. Bí ọkọ̀ ṣe ń mì, wọn ò gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?” ni mo bi wọ́n.

“Ẹ̀rù kẹ̀? Bátìrì yìí ni kò dé ojú omi rí. Mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni.”