Géèmù Tí Ooru Pa Nílé Bàbá Tíṣà

Rédíò ni mo kọ́ láti máa tún ṣe. Lẹ́yìn rédíò ni kásẹ́ẹ̀tì dé, fídíò tẹ̀ lé e, mo sì rò pé kò sí ohun tí wọ́n lè gbé wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde tí yóò tún yà mí lẹ́nu. Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí Àǹtí Fọlákẹ́ gbé géèmù bàbá rẹ̀ wọlé, tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e bí ọmọ tuntun.

“Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó,” ló wí. “Àtìgbà tó ti dákẹ́ ni Bàbá náà ti dákẹ́, kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́.”

Àbúrò Àǹtí tó ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ ló rà á bọ̀ láti Japan. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá wọn, àìsàn sì ti sọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di aláìlágbára. Dókítà ní kó máa fi ọwọ́ náà ṣiṣẹ́, wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kó máa tẹ̀ ẹ́, ó ní òun kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Géèmù yìí ló jí àtàǹpàkò rẹ̀, torí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ní báyìí, ó ti tún ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ aṣọ. Bí àlejò bá dé, kì í bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, nítorí kò ní fi ọwọ́ òsì kí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Mo tú u. Díìsì pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń tì bọ ẹnu rẹ̀. Mọ́tò kékeré ló ń yí díìsì náà, bẹ́líìtì rọ́bà ló sì so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí bẹ́líìtì. Nǹkan dúdú kan ni mo rí tó lẹ̀ mọ́ gbogbo inú ẹ̀rọ bí ọ̀dà. Mo bi Àǹtí léèrè ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Ó ní orí sitẹbiláísà ni, lábẹ́ aṣọ àrán tí ìyá wọn rán fún tẹlifíṣọ̀n.

“Tí Bàbá bá ń fi ṣeré ńkọ́?”

“Aṣọ ṣì máa ń wà lórí ẹ̀. Eruku àdúgbò wa pọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó bú wọn, torí aṣọ wà lórí tẹlifíṣọ̀n àti rédíò nílé tèmi. Ìkẹ́ ló pọ̀ jù fún géèmù yẹn, ooru sitẹbiláísà lábẹ́ aṣọ sì yọ́ bẹ́líìtì rẹ̀.

Mo fi òwú àti sípíríìtì nu inú rẹ̀ mọ́, mo wá ń yọ bẹ́líìtì inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó ti kú wò. Ọ̀kan le jù, mọ́tò ń kérora. Òmíràn dẹ̀, díìsì ń wọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi ní Ayépé ti kọ́ mi pé kí n máa fi ìka tẹ bẹ́líìtì kí n tó fi sí i, kí n má fi ojú wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tí mo fi rí èyí tó bá a mu.

Ilé Bàbá ni mo ti parí iṣẹ́, kí n lè so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Mo ń yí súkúrù tó ń darí eré mọ́tò díẹ̀díẹ̀, àwòrán ò jáde. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí mi. Nígbà tí orin géèmù dún, ó yíjú padà. Ìyá ti gbé aṣọ àrán dání.

“Ìyá Fọlákẹ́, má bò ó mọ́,” ni Bàbá wí. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn Kérésì, mo yà kí wọn. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀, Bàbá ní kí n dìde, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Agbára ọwọ́ náà kò tó ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ó di tèmi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.