Èjí Bàbá Bádéjọ

"Dókítà, ẹ bá mi wé e sínú bébà. Mo fẹ́ lọ fi han ìyàwó mi."

"Kí ni, Bàbá?"

"Kòkòrò náà."

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ìtàn yìí ní Mowe. Olóògbé Sùlèímọ́nù Bádéjọ, káfíńtà òrùlé, lórí àga dókítà eyín ní Ibafo, tó na ọwọ́ kó lè gba kòkòrò tó jẹ eyín rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń tún igi tí ìkán jẹ ṣe. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé ihò lè wà kí ẹni tó lu ú má sí?

Dókítà Kòfowórọlá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Kò sí kòkòrò kankan nínú eyín. Ìdọ̀tí ẹnu àti ṣúgà ló lu ú.

Bàbá wò ó títí. "A jẹ́ pé ó ti sá lọ."

Eyín yẹn kì í ṣe eyín lásán. Eyín iwájú, lókè. Ọ̀kan nínú méjì tí èjí wà láàárín wọn. Èjí yẹn ni Nùsírátù ìyàwó rẹ̀ rí ní Ifọ̀ tó fi kọ ọkùnrin tó ní mọ́tò. Tí wọ́n bá yọ eyín kan, èjí ti parí. Ihò ló kù.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi kọ́kọ́ tọ́jú ara rẹ̀. Ó fi òwú tẹ oògùn ìkán sínú eyín náà. Ètè rẹ̀ wú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Akokoro náà ò tiẹ̀ mì.

Nígbà tí dókítà wá dárúkọ rúùtù kánà, Mùsáfírù ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré wá sílé.

"Má ṣe é o. Iṣan eyín yẹn ló lọ sójú. Wàá fọ́jú. Ìrora ẹ̀ sì ju ìrọbí lọ."

Nùsírátù gbé ojú sókè nídìí ẹ̀fọ́ tó ń já, ó wo Mùsáfírù. "Bàbá Mùízz, ìgbà wo lẹ bímọ kẹ́yìn?"

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń ba Bàbá. Nígbà tó padà sí Ibafo, dókítà ní òun ò ní yọ eyín náà. Ohun tó ti jẹrà nínú ẹ̀ lòun máa kó jáde, òun á fọ inú gbòǹgbò ẹ̀ mọ́, òun á sì dí i.

"Tẹ́ ẹ bá ti kó iṣan ẹ̀, ṣé òkú ni màá máa gbé kiri lẹ́nu?"

"Bàbá, igi tẹ́ ẹ fi ń kan òrùlé, ṣé èyí tó ṣì ń yọ ewé ni?"

Bàbá la ẹnu.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan, èrìgì rẹ̀ kú tipiri. Ìrora? Ẹ bi àwọn tó jókòó níta. Híhanrun rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, ẹ ò gbọdọ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú níwájú rẹ̀. Ọ̀kadà ló máa gbé yín sí, ó di Ibafo. Ó mú ọmọ iṣẹ́ lọ. Ó mú lèmọ́mù lọ. Ó mú onílé tó fẹ́ lé e jáde lọ, onílé ò sì lé e mọ́.

Ó kú lọ́dún tó kọjá, lójú oorun. Kí wọ́n tó bo ojú rẹ̀, wọ́n ní kí Nùsírátù wá wò ó. Ètè rẹ̀ ṣí díẹ̀. Eyín méjèèjì. Àlàfo kékeré láàárín wọn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ rọra máa lọ," ló sọ. "Ẹ ṣì rẹwà."