Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní nǹkan bí ọdún 1975, lọ́jọ́ tí èmi obìnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ọkọ mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Orúnkún òsì mi kì í ká. Àìsàn kan ló sọ ọ́ di igi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Mo lè rìn. Ẹsẹ̀ kejì ni mo sì fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Sábó, débi pé àwọn oníbàárà máa ń dìídì bèèrè mi. Ṣùgbọ́n kí n kúnlẹ̀? Láéláé!

Ẹ sì mọ̀ pé ọmọbìnrin tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà, kò sẹ́ni tó máa bèèrè orúnkún rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni wọ́n máa bèèrè! Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Sìsí Agídí ládùúgbò nìyẹn. Mo kúkú ń jẹ́ ẹ. Lójú tèmi, ó sàn kí wọ́n pè mí ní aláfojúdi ju kí wọ́n pè mí ní amúkùn-ún lọ.

Ìgbà náà ni Délé yọ. Délé onírun yẹtuyẹtu, oníbàtà gogoro, tí ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ ń gbálẹ̀ káàkiri Yaba! Ó mọ̀ nípa orúnkún mi, kò sì kà á sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún màmá rẹ̀. Ó ní kí ló dé? Mo ní kó ṣáà má sọ. Ṣé ẹ rí agídí?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká lọ kí màmá ní Surulere, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìkúnlẹ̀ tèmi níwájú dígí: màá ká ẹsẹ̀ ọ̀tún, màá na ti òsì sẹ́yìn lábẹ́ ìró, màá sì yára dìde. Nínú yàrá mi, ó ń lọ geere!

Àṣé màmá ti fi pọ́líìṣì pupa ra ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ títí ó fi ń dán bíi dígí. Bí mo ṣe na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ náà ò dúró mọ́. Ó ń lọ! Kí n tó pe Jésù, àyà mi ti kan simẹ́ńtì, ọwọ́ méjèèjì sì wà níwájú. Ìdọ̀bálẹ̀ tó pé pérépéré!

Bísí, àbúrò Délé, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹ ń mú ìyàwó bọ̀, ọkọ lẹ mú wálé!"

Mo rọra sọ fún màmá pé mo kàn fẹ́ bọlá fún wọn ju bó ṣe yẹ lọ ni. Irọ́ ńlá! Màmá ò fèsì. Wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí mi. Mo ní ó parí nìyẹn, mo ti pàdánù Délé. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Màmá, ẹ má bínú! Orúnkún mi kì í ká. Amúkùn-ún ni mí!"

Ẹnu mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Màmá dìde lórí àga, wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní, "Bọ́ sápá òsì. Etí ọ̀tún mi ti kú láti ìgbà tí mo ti bí Délé. Kí lo wí?"

Mo tún un sọ. Ni màmá bá rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú.

"Ọmọ mi, gbogbo ọjà ló ń sọ pé mo ń gbéra ga, pé wọ́n kí mi, mi ò dáhùn. Mi ò sọ fún wọn pé mi ò gbọ́. Mo ní kí wọ́n pè mí ní agbéraga, kí wọ́n má ṣáà pè mí ní adití. Ó yá, kí mi bó o ṣe lè kí mi."

Mo jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ nínà gbọọrọ, mo fẹnu sí etí òsì wọn. "Ẹ káàsán, mà."

"Mo gbọ́, ìyàwó mi."

Lọ́jọ́ ìdána wa, nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ gba àdúrà, màmá fò dìde. Wọ́n ní, "Èmi àti ìyàwó mi máa dúró gbà á, ṣé Ọlọ́run ò ga tó wa ni?" Ta ló máa jiyàn?

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pè mí ní Sìsí Agídí, orúnkún mi ni mo fi ń hàn án. Mo tún kọ́ nǹkan kan: bí ẹnì kan ò bá dá mi lóhùn, mi ò ní kọ́kọ́ bínú. Màá lọ sápá kejì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ń fi agídí bò mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìró tàbí lábẹ́ fìlà? Ẹ sọ ọ́ fún mi o. Bó bá sì jẹ́ màmá lẹ fẹ́ sọ fún, ẹ jọ̀ọ́, apá òsì!