Epo Pupa Lábẹ́ Mọ́tò Bàbá Ràfíù

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán ni, ojú ọ̀run ṣì dúdú, nígbà tí Bàbá Ràfíù fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi àti Ìyá Ràfíù, ìyàwó rẹ̀, ni a fẹ́ bá a lọ sí Ìsundunrin lọ ra epo pupa tí Ìyá Ràfíù ń tà. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Èjìgbò kò ní jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó débẹ̀. Àwa kúrò nílé ní àsùbáà, ìrun màgáríbì la wá kí nílé. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá Ràfíù ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọdún méjìlélógún ló lò ní Àbíjáàn, mọ́tò yìí nìkan ló sì mú bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á gba Gánà, ó gba Tógò, ó gba Kùtọnú wọlé. Ó fẹ́ máa fi kó èrò àti epo, kó lè fi jẹun lọ́jọ́ ogbó. Mọ́tò náà ti rìn débi pé nọ́ńbà tó ń ka ìrìn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, ó ti dúró.

Èmi Sílífá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá obìnrin kan ta ọlì mọ́tò nítòsí ọgbà àwọn mẹkáníìkì, àwọn oníbàárà a sì máa bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi bóyá odi ni mí. Ṣùgbọ́n etí mi kò di. Mo mọ ọlì ẹ́ńjìnnì, mo mọ ti bíréèkì, mo sì mọ ọlì pupa tí wọ́n ń rọ sí gíà mọ́tò tó ń yí gíà fúnra rẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń rọ sí sítíárìn irú mọ́tò Bàbá Ràfíù.

Kọ́nà àkọ́kọ́ tí a yà, sítíárìn kérora bí àgbà tó ń dìde lórí ẹní.

"Kí ló ń ké yẹn?" ni Ìyá Ràfíù bèèrè.

"Mọ́tò ń kí wa ẹ káàárọ̀ ni. Pà dù pùròbùlẹ́ẹ̀mù."

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Àbíjáàn nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé kò sí wàhálà. Bí táyà bá jò, ohun tí Bàbá Ràfíù máa ń sọ nìyẹn. Bí òjò bá wó ògiri, òun náà ló máa ń sọ. Èmi mọ̀ pé sítíárìn tó bá ń kérora, ọlì rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí mi ni bàbá yìí ti ń wa mọ́tò. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń ka igi kajú lẹ́bàá ọ̀nà.

A dúró ra àkàrà lọ́dọ̀ obìnrin kan létí ọ̀nà. Ọgọ́rùn-ún náírà ni ẹyọ kan, kò sì tóbi tó àtàǹpàkò Bàbá Ràfíù. Bí ó ti ń ṣàlàyé fún alákàrà pé búrẹ́dì Àbíjáàn gùn tó apá ènìyàn, mo wo abẹ́ mọ́tò. Ẹ̀kán pupa méjì wà lórí iyanrìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú. Mo la ẹnu kí n sọ̀rọ̀. Àkàrà ni mo fi dí i.

Láti ibẹ̀, gíà náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bàbá Ràfíù á tẹ iná kó lè sáré, ẹ́ńjìnnì á ké, mọ́tò á kọ́kọ́ ronú sí i kó tó lọ.

Ìyá àgbà kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Elépo la bá ní Ìsundunrin. Níbi tiwa ní Èjìgbò, ojú la fi ń ra epo: a ó gbé ìgò sókè sí oòrùn, a ó wò ó. Ìyá yìí kì í ta epo fún ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní iṣu sísun, ó da epo gbígbóná lé e.

"Ojú ń parọ́," ni ó wí. "Ahọ́n kì í parọ́."

Kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà. Ní Èjìgbò, Ìyá Ràfíù yóò fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé e tà. A ra mẹ́ta, a kó wọn sí búùtù, a dágbére.

A kò tíì rìn jìnnà tí Bàbá Ràfíù fi dúró lábẹ́ igi kan láti tọ̀. Ìyá Ràfíù náà sọ̀ kalẹ̀ láti na ẹsẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Epo wa ń jò."

A ṣí búùtù. Ara gbogbo kẹ́ẹ̀gì gbẹ.

"Ẹ̀yìn ni kẹ́ẹ̀gì wà, mà," ni mo wí. "Iwájú ni èyí ti ń kán."

"Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà yìí. Epo mọ ibi tí yóò gbà. Ìyá yẹn ti ta kẹ́ẹ̀gì tó lù fún wa. Ẹ jẹ́ ká padà."

Láti yí mọ́tò padà, Bàbá Ràfíù nìkan kò lè dá a ṣe mọ́. Sítíárìn ti le bí ọmọrí odó. Ó dì í mú níhìn-ín, ìyàwó rẹ̀ dì í mú lọ́hùn-ún, wọ́n jọ ń fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà.

Ìyá Elépo ń kó ihá epo sínú oòrùn nígbà tí a dé.

"Ìyá, kẹ́ẹ̀gì tó lù lẹ tà fún wa," ni Ìyá Ràfíù wí.

"Èmi? Kí ẹ tó bí àkọ́bí yín ni mo ti ń fún epo. Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní oníjìbìtì rí."

"Ẹ wo ilẹ̀, mà. Ṣé omi nìyẹn?"

Ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú.

"Ó pupa lóòótọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n mo mọ epo tèmi lẹ́nu."

Ó fi ìka kan ẹ̀kán náà, ó gbé e lọ sẹ́nu.

"Ẹ má fi sẹ́nu, mà!"

N kò tètè mọ̀ pé èmi ni mo kígbe. Adìẹ kan sá. Ìyá Ràfíù bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó kígbe.

"Ọlì mọ́tò ni, mà," ni mo wí. "Ọlì sítíárìn ni. Ó ti ń jò láti ibi alákàrà. A kò tíì ra epo nígbà yẹn."

Ìyá Elépo rọra nu ìka rẹ̀ sára mọ́tò.

"Kí ló dé tí o kò sọ?" ni Ìyá Ràfíù bèèrè.

"Mo sọ, mà. Mo ní iwájú ló ti ń kán."

"Ta ni yóò gbọ́ ọ? Ohùn èèrà tó ń rojọ́ ròkè ju tìrẹ lọ."

Bàbá Ràfíù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ike ọlì sítíárìn ti gbẹ, kílíìpù tó di họ́ọ̀sì rẹ̀ sì ti dẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Mo fa géèjì gíà yọ, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọlì. Mo nù ún, mo tì í bọ ihò rẹ̀, mo tún fà á yọ. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ọlì kàn. Ó dúdú, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná.

"Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọlì gíà, sà?"

"Ẹnì kan ní Àbíjáàn sọ fún mi pé wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀ láéláé."

"Ta ni ẹni náà, sà?"

"Ẹni tó ta mọ́tò fún mi."

Ìyá Elépo wúkọ́.

"Mọ́tò tó bá ti rìn tó báyìí, sà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń wo ọlì rẹ̀," ni mo wí. "Bí a bá wà á báyìí dé Èjìgbò, gíà rẹ̀ á jó."

Mo retí pé yóò sọ pà dù pùròbùlẹ́ẹ̀mù. Kò sọ ọ́. Ó jókòó lórí òkúta kan. "Ọdún méjìlélógún mi ló wà nínú mọ́tò yìí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì kéré ju tèmi lọ.

Ọkùnrin kan tó ń ta bẹntiróòlù gbé ọlì ẹ́ńjìnnì wá, ó ní ọlì ni gbogbo ọlì. Mo ní rárá. Bàbá Ràfíù wo búùtù.

"Epo pupa yìí ńkọ́? Ṣebí òun náà pupa?"

"Epo tèmi? Nínú irin?" Ìyá Elépo dúró síwájú búùtù, kò sì kúrò níbẹ̀.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, ó fi ọlì gíà pupa gálọ́ọ̀nù kan rán ọlọ́kadà sí wa. Kí ó tó dé, Ìyá Ràfíù ra kẹ́ẹ̀gì kẹrin. Bí ó ṣe máa ń tọrọ àforíjì nìyẹn. Ìyá Elépo gba owó náà, ó sì tún fún un ní iṣu, kí ó tọ́ ọ wò bí àlejò tuntun.

Ọ̀bẹ Ìyá Elépo ni mo fi yí kílíìpù náà le. Ó fẹ́ yá wa ní àrọ tó fi ń rọ epo, ṣùgbọ́n ó rántí pé ọlì á bà á jẹ́, ó sì tún mú un padà. Mo gé ìgò omi, mo fi ṣe àrọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo rọ ti gíà, mo ń wo géèjì, nítorí bó bá pọ̀ jù, wàhálà mìíràn ni. N kò tú èyí tó dúdú dànù. Àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ pé gíà tó ti gbó, díẹ̀díẹ̀ la ń pààrọ̀ ọlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rọ ti sítíárìn.

"Ẹ yí i sápá ọ̀tún, sà. Ẹ rọra. Ẹ yí i sósì, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde."

"Ó dáa, mà," ni Bàbá Ràfíù wí.

Ìyá Ràfíù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá Ràfíù kò mọ̀ pé òun pè mí ní mà.

A rọra bọ̀ wálé. Mọ́tò kò kérora mọ́, kò sì ronú kó tó lọ. Ní tèmi, mo ti rò pé ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni dídákẹ́ tí mo máa ń dákẹ́. Ìka ìyá àgbà yẹn fi hàn mí pé a lè dákẹ́ títí àgbà á fi jẹ májèlé.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá Ràfíù pa mọ́tò, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Sílífá, ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí o rí lára mọ́tò yìí tí o kò sọ?"

Mo ronú díẹ̀. "Ọlì bíréèkì, sà. Kò tíì kéré, ṣùgbọ́n ó ti dúdú. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì náà ti ń ya."

Nígbà tí mo fi máa dé orí ohun karùn-ún, Ìyá Ràfíù ti wọlé lọ gbé àga jáde fún ọkọ rẹ̀.